Ewé Ọlọ́mọ Tí Wọ́n Rí Lọ́nà Ìjàrè

Sájẹ́ǹtì Ọlọ́runníyì ju ẹ̀ka ewé náà sórí tábìlì, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Òun nìyí, màmá. Ewé tí yóò gbé àbúrò yín lọ sẹ́wọ̀n nìyí."

Mo wò ó. N kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ka kékeré ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Ewé rẹ̀ pupa bí ata tó ti gbó, àmì yẹ́lò wínníwínní wà lára wọn. Ó ti ń rọ. Fúláwà kurótọ́nì ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń gbìn síwájú ilé. Ọ̀kan wà níwájú ilé tí èmi àti Táíyé àbúrò mi ń gbé ní Arakale. Òun náà pupa. Òun náà ní àmì yẹ́lò.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Tíṣà Ọlábọ̀dé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Oǹdó ni. Lọ́jọ́ Ẹtì ó jáde lẹ́yìn tí ilé ìwé parí, kò sì padà wálé mọ́. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà Ìjàrè, ẹ̀yìn orí rẹ̀ fọ́. Ẹ̀ka ewé yìí wà lórí títì, nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ àárọ̀ sì ni Táíyé máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò lọ sí Ìjàrè. Èyí tó wá burú jù, òun àti Tíṣà jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí pé Táíyé fi kẹ̀kẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Táíyé pariwo pé, "Tíṣà, màá pa yín lọ́jọ́ kan!" Ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n gbogbo Arakale gbọ́. Ẹnu lásán yìí náà ni ọlọ́pàá fi ń mú ènìyàn.

"Ọ̀la la ó gbé e lọ sílé ẹjọ́," Sájẹ́ǹtì wí. "Ìpànìyàn. Kò sí bélì ńbẹ̀ o."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn kò jáde. Láti inú àtìmọ́lé tó wà lẹ́yìn ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ Táíyé. Mo mọ ikọ́ rẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Ta ló na ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn?"

Obìnrin ni. Ó kúrú, ó wọ awò ojú, ó fi báàgì dúdú kọ́ apá. Sájẹ́ǹtì fò dìde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ìńsípẹ́kítọ̀ Ìbídùnní Dúrótoyè ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá rán wá.

"Mo ní ta ló nà án?"

"Ó ń ṣe orí kunkun ni, mà."

"Orí kunkun! Ẹni tó bá ní òun ò pànìyàn, orí kunkun ló ń ṣe? Bí mo bá fún ọ ní irú ẹgba yẹn báyìí, ìwọ náà á gbà pé ìwọ lo pa Tíṣà!" Ó tọ́ka sí ewé. "Ta lo ti fi èyí hàn?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Kò sẹ́nì kankan?"

"Mo kàn sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n olóògbé ni. Alàgbà Kọ́láwọlé. Ó ti Oǹdó wá lánàá, ó ń sunkún. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé a ti rí ewé pupa kan tó bá ti ilé afurasí mu."

"O sọ fún un pé pupa ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màdáàmù wò ó títí. "Ọlọ́runníyì, ẹnu rẹ yìí ò ní ìdérí. Jáde. Gbé omi lọ fún ọmọ yẹn, kó o wá oògùn ìrora fún un. Bí mo bá tún gbọ́ igbe rẹ̀, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rí ilé ẹjọ́ lọ́la."

Sájẹ́ǹtì jáde. Ó dojú kọ mí bó ṣe ń lọ, bí ẹni pé èmi ni mo bú u. Mo wolẹ̀.

"Kí lorúkọ yín?"

"Nímọ́tà, mà. Ìyá Títí ni wọ́n ń pè mí. Mo ń ránṣọ l'Ọ́jà Ọba."

"Ìyá Títí, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ yé gbọ̀n. Kí lẹ rí?"

"Ewé… ewé pupa, mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni dìndìnrìn tó jáde yẹn wí. Ẹ wò ó dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo wá rí i pé nǹkan dúdú kéékèèké wà lára àwọn ewé náà, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Màdáàmù fi èékánná họ ọ̀kan. Ìyẹ́ rẹ̀ já.

"Kòkòrò ni," mo wí.

"Ojú kan ṣoṣo ló wà. Ẹ̀yìn ewé mọ́. Níbo ni kòkòrò ti ń kú báyìí?"

Mo rò ó. "Iwájú mọ́tò. Bó bá ń sáré lálẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ Táíyé ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ Táíyé! Ewúrẹ́ gan-an máa ń yà á sílẹ̀, mà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó yí ìdí ẹ̀ka náà sí mi. Èèpo ibẹ̀ ti bó yíká, fọ́nrán okùn ọ̀rá aláwọ̀ aró kan sì há sínú rẹ̀.

"Wọ́n dè é mọ́ nǹkan. Ìyá Títí, mọ́tò wo là ń so ewé mọ́ níwájú?"

Ọmọdé gan-an mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, a máa ń yà fún un.

"Mọ́tò tó bá gbé òkú."

"Ẹ gbé e mì," ó wí. "Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni lónìí, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Mo gbé e mì. Ṣùgbọ́n mo bi í pé ṣé kò wá tó láti tú Táíyé sílẹ̀.

"Kò tó. Ọ̀gá mi ti gbọ́ pé ewé iwájú ilé yín ni, ibẹ̀ nìkan ló ń wò báyìí. Àfi kí n rí igi tó bí ewé yìí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ẹ mọ ilé àwọn Tíṣà l'Óǹdó?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo rán aṣọ ìsìnkú ìyá wọn."

"Ẹ óò tẹ̀ lé mi. Mi ò fẹ́ ẹlẹ́nu tí kò ní ìdérí kankan lẹ́yìn mi."

*

Ilé wa ní Arakale la kọ́kọ́ yà. Àwọn aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó kí mi. Láti Àbámẹ́ta ni wọn ò ti kí mi.

Màdáàmù dúró níwájú fúláwà wa, ó gbé ẹ̀ka tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pupa àti pupa. Àmì àti àmì.

"Ẹ wò ó bó ṣe jọra," mo wí. "Ẹ ò rí i bó ṣe jọra?"

Màdáàmù yí igi náà ká. Apá ibi tó kọjú sí ògiri, lábẹ́ páànù, kò pupa rárá. Ewé ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí koríko ìgbà òjò, àmì rẹ̀ kò tilẹ̀ hàn dáadáa. Ó já ọ̀kan níbẹ̀, ó já ọ̀kan lójú òòrùn, ó tẹ́ méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀.

"Igi kan náà ni?"

"Igi kan náà ni, mà. Èmi ni mo gbìn ín."

"Ọ̀kan pupa, ọ̀kan tutù. Bí àwọ̀ bá lè parọ́ báyìí lórí igi kan ṣoṣo, kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ fi àwọ̀ pa ọmọ ènìyàn?" Ohùn rẹ̀ ti ń ga. "Òòrùn ló ń kùn ún. Kí ni òòrùn ò lè yí padà? Ẹ wo bó ṣe gé."

Mo wò ó. Tiwa fẹ̀ láti ìdí dé orí, bí ahọ́n màlúù. Ti orí títì kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé náà fẹ̀ dé ibì kan, ó wá gé bí ẹni pé àlùmọ́gàjí gé e. Ó wá ku iṣan àárín nìkan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ní òpin òwú náà ewé kékeré mìíràn tún wà, ó ń mì dìrọ̀dìrọ̀, bí ọmọ tó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Mo rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo èkejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni.

"Ewé ọlọ́mọ," mo wí.

"Ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wá ilé rẹ̀."

*

Bàbá kan ń ta òdòdó lẹ́bàá títì nítòsí Alágbàáka, Ọláyẹmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àkúrẹ́. Ọ̀rá dúdú lóríṣiríṣi ló tò kalẹ̀, fúláwà nínú gbogbo rẹ̀. Bó ti rí ewé lọ́wọ́ Màdáàmù ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ha! Ugi mi nìyí! Èmi ni mo tà á!"

"Fún ta ni?"

"Òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Pupa báyìí ni, àmì yẹ́lò. Ṣé ẹ fẹ́ ra tiyín ni? Màá bá yín gbé e dé ulé."

A sáré lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Mo ń gbàdúrà nínú ọkọ̀. Fúláwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìlà méjì, pupa fòò. Ṣùgbọ́n ewé wọn lọ́ mọ́ra bí ìwo àgbò. Kò sí ọmọ kankan ní ìparí rẹ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì náà jáde, ó bèèrè pé kí ni ọlọ́pàá ń wá nínú òdòdó òun, pé ṣé àwọn oníbàárà òun kì í ṣe ènìyàn ni. Màdáàmù kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó yí mọ́tò padà sọ́dọ̀ bàbá olódòdó.

"Bàbá!" Ó ti ń pariwo kó tó bọ́ sílẹ̀. "Ta lẹ rán wa lọ bá?"

"Ṣebí pupa lẹ ní, mo sì mú yín dé ibi pupa."

"Ẹ di ewé yìí mú. Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ wá a."

Bàbá náà fọwọ́ tọ ewé náà títí ó fi kan òwú. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun kò tà á rí, òun kò ní i, òun kò sì rí i lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nílùú Àkúrẹ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ́kọ́ parọ́?"

"Èmi ò parọ́ o. Ọjà ni mo fẹ́ tà."

"Bàbá, báwo ni igi yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn? Ṣé ẹyẹ ń gbé èso rẹ̀ kiri ni?"

"Ẹyẹ kẹ̀! Ẹ̀ka la ń gé, a ó kì í bọlẹ̀. Ẹni tó bá ní i, ènìyàn ló fún un."

Màdáàmù gba ewé rẹ̀ padà. Nígbà tí a wọnú mọ́tò, kò tan án. Ó fọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀, ó ń wo iwájú.

"Ènìyàn ló ń fúnni," ó wí. "Ìyá Títí, ẹ gbọ́. Bí olè bá pa yín, tó sì fẹ́ lọ ju òkú yín nù, ṣé yóò so ewé mọ́ iwájú mọ́tò fún yín?"

"Kí lolè fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó lè jẹ́ tìtorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, kí wọ́n lè jẹ́ kó kọjá."

Ó wò mí. Ojú tì mí pé mo sọ̀rọ̀. "Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ewé inú igbó ni olè yóò já. Igbó wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó gé èyí, inú ọgbà ló ti gé e, ó fara balẹ̀ dè é pẹ̀lú okùn kó tó gbéra. Nígbà tó gbé òkú sọ̀ tán, ó tú u dànù lójú ẹsẹ̀, torí pé mọ́tò tí kò gbé òkú kò gbọdọ̀ so ewé. Ẹni tó ń bẹ̀rù òkú yẹn ni. Ta ló ń bẹ̀rù òkú èèyàn?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí láti gbé e sẹ́nu.

"Ẹbí rẹ̀ ni," ó wí. Ó tan mọ́tò. A kọjú sí Oǹdó.

*

Ilé àwọn Tíṣà l'Óǹdó jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà tí mo gbé aṣọ ìsìnkú wá, mo rántí pé nǹkan pupa kan yí ọgbà iwájú ká. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Erùpẹ̀ titun ni mo rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Mo fẹ́ sọ ọ́. Màdáàmù ti rí i. Ó tún ti rí mọ́tò funfun tó wà lábẹ́ ìbòrí, tó ń dán gbinrin.

"Òfò ṣẹ̀ wọ́n," ó rọra wí, "wọ́n sì ráyè fọ mọ́tò."

Alàgbà Kọ́láwọlé jókòó ní pálọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Tíṣà ni àbíkẹ́yìn. Adéjọkẹ́, obìnrin àárín wọn, jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. A kí wọn kú ọ̀fọ̀. Bí Alàgbà ti rí mi ló dìde.

"Kí ni obìnrin yìí wá ṣe nílé mi? Ẹ̀gbọ́n apànìyàn! Ẹ gbé e wá wo ẹkún wa?"

Mo sá sẹ́yìn Màdáàmù. Òtítọ́ ni, mo sá.

"Èmi ni mo mú un wá, Alàgbà. Ìgbà wo lẹ rí àbúrò yín kẹ́yìn?"

"Níbi ìrántí Màmá. Lọ́dún tó kọjá."

"Kò wá síbí lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Kí ló fẹ́ wá ṣe? Kò wá."

"Ẹ gé nǹkan níwájú ilé."

"Koríko. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, a tún àyíká ṣe. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn náà?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí Màmá."

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ìyá wọn sí, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan tó fi òjìji bo gbogbo ibẹ̀. Fúláwà yí sàréè náà ká. Mo sáré wò ó. Tutù ni. Gbogbo rẹ̀ ni, ewé tútù yọ̀yọ̀, kò sí pupa kankan lára rẹ̀. Mo rántí ikọ́ Táíyé.

Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín nìyẹn.

"Bí òdòdó lẹ bá wá wò, ewé tútù ni tiwa. Sájẹ́ǹtì yín ní pupa ni tiyín."

"Mi ò tíì sọ pé òdòdó ni mo wá wò," Màdáàmù wí.

Ẹ̀rín náà dúró sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lójú rẹ̀ mọ́.

Màdáàmù bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan gbé ewé kan sókè. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé náà fẹ̀, ó gé, ó di òwú. Lópin òwú náà, ọmọ rẹ̀ ń mì.

Mo di ẹnu mi mú.

"Àǹtí Adéjọkẹ́," Màdáàmù pè, "ta ló fún Màmá ní igi yìí?"

"Ó gbé e bọ̀ láti ìlú Gáńà, nígbà tó ń ṣòwò. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn."

"Kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka rẹ̀?"

"Màmá wa?" Ó fi ẹkún rẹ́rìn-ín. "Èmi ọmọ tó bí tọrọ ọ̀kan nígbà tí mo kọ́ ilé, ó lé mi jáde. Ó ní òun gbìn ín kí gbogbo ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ilé òun nìyí. Ìwọ̀nyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí àti èyí tó wà níwájú, kò sí òmíràn."

"Èyí tó wà níwájú. Àwọ̀ wo ni?"

"Òòrùn máa ń pa wọ́n, wọ́n pupa bí iná." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ ní koríko lẹ gé. Òdòdó Màmá lẹ gé? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gé òdòdó Màmá?"

"Adéjọkẹ́, wọlé."

"Mi ò wọlé! Kí ló dé?"

Màdáàmù yọ ẹ̀ka pupa náà nínú báàgì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tútù. Ọlọ́mọ àti ọlọ́mọ. "Ẹ gbọ́ pé pupa la rí, ẹ wá gé pupa. Ẹ fi èyí sílẹ̀ nítorí pé ó tutù. Àti nítorí pé ojú Màmá ló wà."

Alàgbà ti fọkàn balẹ̀ padà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ̀n. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.

"Ewé lásán ni," ó wí. "Ọmọ ilé yìí ni Ọlábọ̀dé. Ó lè já a fúnra rẹ̀ kó gbé e dání lọ sí Àkúrẹ́. Ṣé kóòtù máa fi ewé dá mi lẹ́bi? Ẹ lọ mú afurasí yín lọ."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ ọ́n, Màdáàmù náà mọ̀ ọ́n. Ó mí kanlẹ̀, ó ti ewé bọ báàgì, bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

"Òótọ́ lẹ wí, Alàgbà. Ẹni tó pa Tíṣà kò lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Kò bọ̀wọ̀ fún un rárá. Bí òbúkọ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà ló ṣe sọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Kò so ewé. Kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí ẹran lásán."

Adéjọkẹ́ bú sígbe. Ó dojú bolẹ̀ lórí sàréè ìyá rẹ̀. "Bí ẹran! Màmá, ẹ gbọ́? Wọ́n gbé Ọlábọ̀dé yín bí ẹran! Kò sẹ́ni tó so ewé fún un!"

"Dákẹ́!"

"Ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n gbẹ̀yìn! Bí òbúkọ!"

"Mo ní kó o dákẹ́! Irọ́ ni obìnrin yìí ń pa!" Iṣan ọrùn Alàgbà ti ta. "N kò gbé e bí ẹran! Mo so ewé! Ewé Màmá gan-an ni mo gé, mo so ó mọ́ iwájú mọ́tò, mo ń bá a sọ̀rọ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí a fi dé…"

Ó dúró.

Ewé máńgòrò kan já bọ́. Adéjọkẹ́ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sàréè lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n so ewé yìí mọ́ mọ́tò," Màdáàmù wí. Ohùn rẹ̀ kò ga mọ́. "Sájẹ́ǹtì kò mọ̀. Ọ̀gá mi kò mọ̀. Èmi àti Ìyá Títí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àti ẹni tó so ó."

Alàgbà jókòó sílẹ̀. Ó ní òun kò pinnu rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé epo fẹ́ ra ilé náà tọwọ́ tẹsẹ̀, pẹ̀lú ibi tí sàréè wà. Tíṣà wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti sọ pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sin òun ti Màmá. Alàgbà ní òun tì í. Tíṣà fi ẹ̀yìn orí gbá etí àtẹ̀gùn, ó kú. Alàgbà ń sọ ọ́, ó ń nu ojú. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo wá rántí pé ó jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá lánàá, ó ń sunkún, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń na àbúrò mi, kò sì sọ nǹkan kan.

Àánú náà lọ.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, Sájẹ́ǹtì Ọlọ́runníyì ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé fúnra rẹ̀. Táíyé jáde, ó di sòkòtò rẹ̀ mú nítorí pé wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀. Ojú kan kò ṣí. Ó rí mi, ó fẹ́ ṣe àwàdà bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò tíì jí kẹ̀kẹ́?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ojú rẹ̀ tó dì. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ń rọra tẹlẹ̀.

Sájẹ́ǹtì wú ikọ́. "Màmá, iṣẹ́ ni. Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ẹ má bínú."

Láti Àbámẹ́ta ni mo ti ń wolẹ̀ níwájú ọkùnrin yìí. Mo gbójú sókè. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohùn jáde.

"Mò ń bínú," mo wí.

"Màmá…"

"Sájẹ́ǹtì, mo ní mò ń bínú. Ẹ wá bẹ́líìtì ọmọ mi."